Ìlà Kejì Lára Ògiri Mukbil

Nígbà tí ogun fi máa wọ ọdún kẹta, ohun mẹ́ta péré ló kù nínú ṣọ́ọ̀bù Mukbil ní abúlé Najdi: fúláwà, ṣúgà, àti Mukbil fúnra rẹ̀. Fúláwà a máa tán. Ṣúgà a máa tán. Mukbil kì í tán.

Ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó dojú kọ ọ̀nà ni ìwé ìròyìn wa. Gbogbo Ọjọ́rú, nígbà tí ọjà bá ku ọ̀la, á fi ẹfun pa ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá rẹ́, á sì fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kọ òmíràn lé e. Agolo ọ̀dà kan ṣoṣo ló ń lò láti ìgbà tí ìbọn ti kọ́kọ́ dún. Omi ló ń bù là á, tó fi jẹ́ pé ìpolówó ọdún kẹta ti ń rí bí ewé tí ewúrẹ́ jẹ tó tún pọ̀ sílẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣá. Nígbà tí ọṣẹ wọlé, ó kọ ọ́ pé: OGUN Ò NÍ KÁ MÁA RÙN. Nígbà tí kòkòrò wọ fúláwà, tí ọlọ́jà mìíràn ì bá sá lọ jọ̀ ọ́ ní kọ̀rọ̀, Mukbil kọ tirẹ̀ gàdàgbà sójú títì: FÚLÁWÀ TÍ KÒKÒRÒ PÀÁPÀÁ FỌWỌ́ SÍ. Àpò mẹ́rin ló tà lọ́jọ́ náà. Àwọn èèyàn ń ti orí òkè sọ̀kalẹ̀ wá kà á, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ẹni tó bá sì ti rẹ́rìn-ín, ojú á tì í láti lọ lọ́wọ́ òfo. Mukbil a máa sọ pé ẹ̀rín lòun ń tà, pé ènì ni fúláwà. Bí ẹnikẹ́ni bá yìn ín, á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni," á wá dúró kí onítọ̀hún tún un sọ.

Ní òdìkejì ọ̀nà, lábẹ́ igi, ni Ìyá Ṣaoki ti ń ta lahúù, búrẹ́dì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń yí ọwọ́ da sójú páànù gbígbóná. Kò ní pátákó, kò ní ògiri. Òórùn ni ìpolówó tirẹ̀. Kò mọ̀wé. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Ṣaoki, ń ránṣọ ní ìlú Taisi.

Kí ogun tó dé, bí èèyàn bá bu omi èèpo kọfí gbígbóná sínú ife ní Najdi, ife náà kò ní tíì tutù tán tí ọkọ̀ á fi dé Taisi. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ ogun ìhà ìhín da òkìtì yẹ̀pẹ̀ dí ọ̀nà, àwọn ti ìhà ọ̀hún náà da tiwọn, wọ́n wá gbin bọ́ǹbù sí àárín bí ẹni gbin ọkà. Ẹni tó bá máa dé Taisi ní láti gba orí òkè yí po, odidi ọjọ́ kan nínú ọkọ̀ tó ń fẹ́ èèyàn sókè bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀wà. Orúnkún Ìyá Ṣaoki kò lè gba ìyẹn. Ó di ọdún méjì ààbọ̀ tí kò fojú kan ọmọ rẹ̀. Wọ́n bí ọmọ-ọmọ fún un, Ruwaida. Ọmọ náà ti ń rìn, ìyá àgbà kò tíì gbé e rí.

Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá wọ inú fóònù rẹ̀, á nu ọwọ́ lára aṣọ, á sọdá.

"Mukbil, ọmọ mi, bá mi wo ohun tí àbúrò rẹ wí."

Ṣaoki kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Ohun tó máa ń kọ kò ju, "Ara wa le. Ruwaida yọ eyín. Ẹ kí ará ilé." Lójú Mukbil, a kì í gbé irú oúnjẹ aláìníyọ̀ bẹ́ẹ̀ ka iwájú ìyá. Á dá ọ̀fun mọ́, á na fóònù jìnnà sójú bí àwọn tó ń ka ìròyìn:

"'Ìyá mi, òjò tó ń rọ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ! Láti ọjọ́ tí ọ̀nà ti dí, kò sí búrẹ́dì tó dùn lẹ́nu mi mọ́. Ruwaida yọ eyín, ó funfun bí òwú, ó ní lahúù yín leyín náà ń dúró dè.'"

Ìyá Ṣaoki á fi etí ìborí nu ojú. "Ọmọ yìí mọ ọ̀rọ̀ sọ, àbí? Baba rẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀."

"Bó ṣe kọ ọ́ gan-an nìyẹn, Ìyá."

Á sì gba lahúù gbígbóná kan fún iṣẹ́ náà. Kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ó tiẹ̀ ka ara rẹ̀ kún aláàánú.

Ní Ọjọ́rú kan lẹ́yìn ààwẹ̀, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mẹ́fà ru fúláwà tuntun sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Mukbil po ọ̀dà, ó gun àga, ó kọ ọ́ sára ògiri, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ga tó ọmọ ọdún márùn-ún: Ọ̀NÀ TI LÀ! Nísàlẹ̀ ló wá fi lẹ́tà wínníwínní kọ ìyókù: láti ṣọ́ọ̀bù Mukbil dé ikùn yín. Ó sọ̀kalẹ̀, ó rìn sẹ́yìn, ó ń wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bí ọkọ ìyàwó ṣe ń wo dígí.

Ibẹ̀ ni Tíṣà Abdulwasi bá a. Láti ìgbà tí owó oṣù ti dáwọ́ dúró, èrò ni Tíṣà ń fi alùpùpù rẹ̀ gbé, ṣùgbọ́n ojú tó fi ń wo ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì kúrò lójú rẹ̀.

"Mukbil, ìlà kejì yìí mà kéré jù. Ewúrẹ́ gan-an ò lè rí i."

"Ṣé ewúrẹ́ ló ń ra fúláwà lọ́wọ́ mi ni?"

"Mò ń sọ pé ẹni tó bá wà lókè ọ̀hún, 'Ọ̀nà ti là' nìkan ló máa rí kà."

"Á wá sọ̀kalẹ̀ wá ka ìyókù nìyẹn! Tíṣà, ìpolówó là ń pe èyí, wọn ò lè kọ́ yín ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ìlà kìíní wà fún gbogbo ayé. Ìlà kejì wà fún àwa ọ̀mọ̀wé."

"Àwa," ni Tíṣà wí. "O gbàgbé àmì tó-tó kan lórí lẹ́tà kẹta."

Mukbil padà gun àga, ó fi tó-tó náà sí i. Ìyẹn nìkan ló tún ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, ọjà kún. Mukbil gbé gbohùngbohùn rẹ̀ kọ́ èjìká, ó dúró sórí àpò fúláwà. "Ọ̀nà ti là o! Ẹ̀yin ará Najdi, ọ̀nà ti là!" Afẹ́fẹ́ gbé ìyẹn dé orí òkè. Ìlà kejì kò rìn jìnnà, nítorí pé bátìrì ti rẹ̀, ẹ̀rín àwọn tó wà nítòsí sì ti bò ó mọ́lẹ̀.

Ìyá Ṣaoki dìde nídìí páànù. Ó sọdá tìyẹ̀funtìyẹ̀fun lọ́wọ́.

"Mukbil, ṣé lóòótọ́ ni? Ọ̀nà ti là?"

Ogójì ojú ló wà lára Mukbil. Ẹni tí èrò bá ti yí ká rí, tí wọ́n la ẹnu sílẹ̀ tí wọ́n ń retí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ló lè mọ̀ pé ó ń pani bí ọtí, ju ewé gáàtì tí wọ́n ń fi sẹ́rẹ̀kẹ́ jẹ lọ. Mukbil rò pé ṣe ni ìyá ń bá òun gbè é.

"Ó là gbayawu, Ìyá!" ló ké sínú gbohùngbohùn. "Òkúta kan ò sí níbẹ̀! Ẹ gbé ẹsẹ̀ ni!"

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ọlọ́run tóbi," ni Mukbil gbọ́ tó sọ. Ó rò pé ọ̀rọ̀ òun ló ń yìn.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí wọ́n kírun tán, Mukbil ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó rí i pé páànù dojú dé lábẹ́ igi. Tíṣà gun alùpùpù ń kọjá, Mukbil dá a dúró.

"Ìyá Ṣaoki dà?"

"Mo gbé e dé oríta láàárọ̀ kùtùkùtù. Ó ń lọ bá Ṣaoki. Ó di lahúù rẹpẹtẹ, oyin ìgò kan, àti bàtà ọmọdé."

"Kó gba orí òkè? Pẹ̀lú orúnkún yẹn?"

Tíṣà pa ẹ́ńjìnnì alùpùpù rẹ̀. "Nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀, ó ní, 'Ọ̀nà ti là, àbúrò.' Mo rò pé àwàdà rẹ ló ń tún sọ. Mo tiẹ̀ bá a rẹ́rìn-ín."

Mukbil sáré wọlé. Kò po ọ̀dà. Ó da ẹfun bo gbogbo ògiri, ó sì ti ọwọ́ bọ agolo ọ̀dà, ó fi ìka kọ ọ́ láti òkè délẹ̀: Ọ̀NÀ DÍ. Ó gbé gbohùngbohùn. "Ọ̀nà dí o! Kí ẹnikẹ́ni má lọ! Ọ̀nà dí!"

Àwọn tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ sáré wá, wọ́n ti gbé ẹ̀rín sẹ́nu kí wọ́n tó dé.

"Dí kẹ̀? Fúláwà ti tán nìyẹn."

"Ta ló sọ fún ẹ? Kò fẹ́ ká lọ ra tiwọn ní Taisi ni. Ọlọ́jà pọ́ńbélé!"

"Mukbil, ìlà kejì dà?"

"Kò sí ìlà kejì!"

"Ó ní kò sí ìlà kejì!" Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Ikùn ta ló wá dí, Mukbil?"

"Mo ní ọ̀nà dí! Bọ́ǹbù wà níbẹ̀! Ìyá Ṣaoki ti gbà á lọ!" Ohùn rẹ̀ já.

"Ẹ wò ó! Ẹ wo omijé gidi!" ni ẹnì kan wí tìyanutìyanu. Mukbil kò tíì polówó ọjà tó dùn mọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Òótọ́ ló ń sọ," ni Tíṣà wí jẹ́jẹ́. Ìgbà náà ni ẹ̀rín kú, nítorí kò sẹ́ni tó gbọ́ àwàdà lẹ́nu Tíṣà rí láyé.

Alùpùpù gbé àwọn méjèèjì dé òkìtì yẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́. Ọmọ ogun kan jókòó síbẹ̀, gáàtì kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ìyá arúgbó kan? Ó kọjá. Mo ní, 'Ìyá, ẹ padà.' Ó ní ọ̀nà ti là. Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ó ní ẹnì kan tó mọ̀wé ni." Ó tutọ́. "Nígbà tí mo máa gbójú sókè wò, ó ti bọ́ sínú àfonífojì. Wọ́n yìnbọn lọ́sàn-án. A ò mọ ẹni tí wọ́n yìn ín sí. Ẹ máa lọ sílé."

Gbohùngbohùn ṣì wà léjìká Mukbil. Ó gbé e sẹ́nu. "Ìyá Ṣaoki! Mukbil ni! Irọ́ ni mo pa! Ẹ padà!" Bátìrì ti kú. Ohùn ara rẹ̀ ló jáde, tínrín bíi ti gbogbo èèyàn. Kò dé òkìtì kejì.

Lọ́jọ́ kẹrin ni darandaran kan fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gbé ìyá náà dé. Nígbà tí ìbọn dún, ó ṣubú sínú kòtò, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ṣẹ́, ìyẹn ọwọ́ tó fi ń da lahúù. Abẹ́ àpáta ló wà fún odidi ọjọ́ méjì, ó ń jẹ búrẹ́dì tó gbé lọ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ohun tó sọ kò pọ̀.

"Mo rí òrùlé wọn. Mo rí àgbá omi orí rẹ̀. Aṣọ ọmọdé wà lórí okùn."

Mukbil wá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ìyá náà ní kó dìde, ilẹ̀ tutù. Kò bú u. Ká ní ó bú u ni, ara ì bá tù ú.

Láti ìgbà náà, ohun tó ń wà lára ògiri kò ju, "Fúláwà wà. Ṣúgà kò sí." Àwọn kan ṣì ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wá ìlà kejì. Lábẹ́ igi, Ìyá Ṣaoki ń fi ọwọ́ òsì da lahúù. Apá kan á nípọn, apá kan á tín-ín-rín. Mẹ́rin ni Mukbil ń rà láràárọ̀. Á gbà á, á dúpẹ́, ìyá náà á ní, "O ṣeun, Mukbil." Ó ti ń pè é ní Mukbil tipẹ́, "ọmọ mi" ni kò sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kan, fóònù dún lábẹ́ igi. Mukbil rí i tó nu ọwọ́, tó dìde. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti dá ọ̀fun rẹ̀ mọ́, ó ti fa àga síta. Ìyá náà dé àárín ọ̀nà, ó yà, ó kọjú sí òkè tí ilé Tíṣà wà, òkè alátẹ̀gùn òkúta tí orúnkún rẹ̀ kórìíra.

Mukbil jáde tọ̀ ọ́. "Ìyá, ẹ mú un wá. Mo wà níbí. Òkè yẹn ga."

"Mo mọ̀ pé ó ga."

"Màá kà á bó ṣe wà. Mo búra."

Ìyá náà dúró, ó ń mí. "Tíṣà ka kan fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí ẹni ń pe orúkọ ní kíláàsì. 'Ara wa le. Ẹ kí ará ilé.' Mo ní, ṣé ó tán? Ó ní ó tán." Ó gbójú sókè wò ó. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ ni. "Mukbil, gbogbo èyí tí o kà fún mi láti ọdún méjì ààbọ̀, èwo ni ọmọ mi kọ níbẹ̀?"

Mukbil la ẹnu. Òjò orí ilẹ̀ gbígbẹ, tòun ni. Òwú, tòun ni. Ọ̀kan wà, pé bí Ruwaida bá gbọ́ òórùn búrẹ́dì lójú títì, á pàtẹ́wọ́. Ì bá wù ú kó búra pé Ṣaoki ló kọ ìyẹn. Ó wá inú ara rẹ̀ títí bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú àpò fúláwà, kò rántí.

"Eyín," ló sọ níkẹyìn. "Pé ọmọ yọ eyín. Òun ló kọ ìyẹn."

"Eyín," ni Ìyá Ṣaoki wí. Ó mi orí. Ó fi ọwọ́ tó ṣẹ́ yẹn di fóònù mọ́ àyà, ó sì ń gun òkè lọ, àtẹ̀gùn kan lẹ́yìn òmíràn.