Ọta Kan Tí Kò Ní Ẹ̀tù

"Pa ojú rẹ dé," ni Verlyn wí. "Gbé ìbọn yìí sí èjìká báyìí. Má yọjú wò o."

"Ta ló ń yọjú wò?" Marlys dá a lóhùn, ojú ọ̀tún rẹ̀ sì là sílẹ̀ díẹ̀.

"Ìwọ ni. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mo ti ń bá oníjìbìtì gbélé."

Marlys bú sẹ́rìn-ín. Ó di ojú méjèèjì, ó gbé ìbọn náà sí èjìká, ó sì fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ìdí rẹ̀. Nígbà tó lajú, àmì pupa kékeré tí wọ́n fi ń mọ ibi tí ọta máa bà ti wà láàárín gíláàsì orí ìbọn, kò lọ sókè, kò sì lọ sísàlẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ńṣe ni Marlys ń na ọrùn bí adìyẹ kó tó rí i.

"Ó wà níbẹ̀! Verlyn, àárín gbùngbùn ló wà!"

"Ibo lo fẹ́ kó wà tẹ́lẹ̀?" Verlyn ṣe bí ẹni pé kò dùn mọ́ òun, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ méjèèjì ti pọ́n. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn bí inú rẹ̀ bá dùn, kò lè fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni ní gbogbo ìlú Decorah.

Inú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n wà, ní Sátidé tó ṣáájú ìdíje ìbọn yíyìn. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Marlys fi fi ìbọn ìléwọ́ díje, kí àrùn oríkèé tó gba ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ní ọjọ́ kan, ìbọn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn. Ó délé, ó gbé e sínú àpótí, ó ní ó tán. Ó ń fọ abọ́, ó ń sunkún, ó ní ọṣẹ ló kó sí òun lójú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Verlyn, ọkọ rẹ̀, gbé ìbọn èjìká kúkúrú kan wálé, irú èyí tó ń jẹ ọta ìbọn ìléwọ́, tí èjìká àti ọwọ́ méjèèjì jọ ń pín ẹrù rẹ̀ gbé. Àwọn kan ní pápá ìyìnbọn máa ń pè é ní ìbọn arúgbó. "Ẹ ní sùúrù," ni Verlyn sọ fún wọn, "arúgbó náà ń bọ̀ wá nà yín."

Ó sì jókòó tì í. Ó gé ìdí rẹ̀ kúrú kó lè bá apá ìyàwó rẹ̀ mu. Ó pààrọ̀ irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sí èyí tó wúwo, kó má baà máa ta èjìká rẹ̀. Ó fẹ ẹnu ibi tí wọ́n ń ki àpò ọta bọ̀, kí ìka tó ti gan má baà máa wá ọ̀nà kiri. Ọwọ́ tó ti fi ọdún méjìdínlógójì gé irin nílé iṣẹ́ ni ọwọ́ yẹn, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́.

"Gbọ́ o," ó wí, ó sì na ìka sí ìbọn náà. "Gíláàsì wà lókè, ẹnu ìbọn wà nísàlẹ̀. Ní yáàdì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, àwọn méjèèjì bára mu. Ṣùgbọ́n bí páálí tí o fẹ́ yìn bá sún mọ́ ọ, ìsàlẹ̀ ni ọta máa bà. Gbé àmì pupa yẹn sókè ní ìwọ̀n ìka méjì."

"Mo ti gbọ́."

Verlyn mú àkísà, ó nu gíláàsì náà, ó dí ìdè kan le. Ó gbójú sókè, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Gbọ́ o. Gíláàsì wà lókè, ẹnu ìbọn wà nísàlẹ̀. Ní yáàdì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n..."

Ó sọ ọ́ dópin, láìyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Marlys ò wí fún un pé ó ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

"Mo ti gbọ́, ọkọ mi," ó wí.

Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ìgbà òtútù nìyí. Verlyn ti gbé kẹ́tùlù kaná títí ó fi jó. Ó ti ṣìnà níbi tó ń bọ̀ láti ilé ìtajà tó ti ń lọ fún ọgbọ̀n ọdún. Kirsten, ọmọbìnrin wọn, bá a gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà. Verlyn fúnra rẹ̀ pè wọ́n pé òun ò wá mọ́. "Láti ọdún 1983 ni mo ti ń ki ọta ìbọn fúnra mi, tí mò ń bu ẹ̀tù sí i," ló sọ fún wọn. "Ẹ̀tù mélòó ni mo gbàgbé rí? Kò sí! Ṣé ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń jò ló ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn?" Bí ọta ṣe di ẹlẹ́rìí rẹ̀ nìyẹn. Marlys fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ìjà ló kọ́kọ́ bà á lẹ́rù, ṣùgbọ́n ohun tí dókítà máa sọ bà á lẹ́rù ju ìjà lọ.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ ìdíje, àwọn mẹ́jọ ni wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n fi Marlys sí. Garth Boehm ló di aago mú, òun ni alábòójútó, ọkùnrin tí kì í pariwo bí kò bá sí ìdí. Trina Voss náà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì tí kò tíì pé ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Irú ìbọn kan náà ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọta tó kó wá ń há sí i nínú láti ìbẹ̀rẹ̀. Verlyn mú páálí ọta méjì nínú àpò, ó kó o lé e lọ́wọ́.

"Gbà, ọmọ mi. Ọta gidi nìyí."

"Ẹ ṣeun, Verlyn! Bí mo bá na ìyàwó yín, ẹ má bínú sí mi o."

"Nà án ná, ká rí i," Marlys dá sí i. "Ẹnu rẹ ni kò há."

Ibùdó ìyìnbọn méjì àkọ́kọ́ lọ geere. Níbi tí páálí sún mọ́, Marlys gbé àmì pupa sókè ní ìka méjì, ọta sì ń bà níbi tó fẹ́. Ó tó oṣù mẹ́rìnlá tí irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ ti dé sára rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó bojú wẹ̀yìn wo Verlyn tó ń lẹ ihò ara páálí pọ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù, ó sì dúpẹ́ nínú ara rẹ̀ pé ọlọ́wọ́ iṣẹ́ ni òun fẹ́.

Ní ibùdó kẹta, Garth ní kó múra. Marlys yọ àsíá kékeré tó fi hàn pé inú ìbọn ṣófo, ó ki ọta sí i, aago sì dún. Marlys yìnbọn lápá òsì, ó rìn kánmọ́kánmọ́ kọjá ògiri pákó, ó tún yìn ín. Kò tíì yá báyìí rí láyé rẹ̀. Ó kan páálí karùn-ún, ó yìn ín.

Ìbọn náà dún "pú", bí ìgbà tí ènìyàn ṣí ìgò.

Ọwọ́ rẹ̀ ò dúró gbàṣẹ. Ọdún mọ́kàndínlógún ti kọ́ ọwọ́ yẹn pé bí ìbọn bá kọ̀, fà á, da èyí tó wà nínú rẹ̀ nù, kí òmíràn wọlé, kí o máa bá eré lọ. Ó fà á. Òmíràn wọlé. Ìka rẹ̀ padà síbi tí wọ́n ti ń tẹ ìbọn.

"DÚRÓ! Dúró! Ẹ má yìn ín!"

Marlys dúró, ṣùgbọ́n inú bí i gan-an. "Kí ló dé, Garth? Ṣé o ò rí bí mo ṣe ń lọ ni?"

"Mo rí i. Ẹ yọ ọta rẹ̀ kúrò. Ẹ jẹ́ n rí inú rẹ̀."

Ó yọ ọ́, ó fi hàn án, ó fi àsíá bọ ibẹ̀, ó ń kùn. Garth mú ọ̀pá idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó tì í bọ ẹnu ìbọn. Ọ̀pá yẹn ì bá kọjá lọ geere. Kò kọjá. Ó wọlé díẹ̀, ó dún "kọ̀", ó sì dúró.

Kò sí ẹni tó bèèrè ohun tó túmọ̀ sí. Ọta tí wọn ò bu ẹ̀tù sí ni. Iná kékeré ìdí rẹ̀ tó yẹ kó tan ẹ̀tù nìkan ló tì í dé àárín ọ̀nà, tó fi há. Ká ní Marlys yin èkejì lé e lẹ́yìn, irin yẹn ì bá bú gbàù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Garth di apá Marlys mú, ó fi í jókòó sórí àga.

"Ẹ rọra mí," ó wí. "Ẹ ti yè é. Ta ló ki ọta yìí?"

Kò fi ìbínú bèèrè. Ó yẹ kí àwọn tó kù mọ̀ ni, bóyá wọ́n ní irú rẹ̀ lọ́wọ́. Marlys gbójú sókè, ó rí Verlyn láàárín àwọn páálí, gọ́ọ̀mù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì funfun bí ẹfun. Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó ronú.

"Mo rà á ni," ó wí. "Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mi ò tiẹ̀ rántí orúkọ àwọn tó tà á."

Ìfẹ́ ló mú un purọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi bú ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ò wo ẹ̀yìn rẹ̀. Trina ló kàn láti yìn. Ó wà nídìí tábìlì lẹ́yìn ibẹ̀, ó ń ki ọta Verlyn sínú àpò ọta rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì mí kanlẹ̀ nígbà tó gbọ́ pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ti Marlys ti wá.

"Irọ́ ni," Verlyn wí.

Ohùn rẹ̀ kéré, àmọ́ gbogbo wọn gbọ́ ọ. Ó ń bọ̀ láàárín pápá, ó ń yára.

"Trina, ọmọ mi, gbé e sílẹ̀. Má fọwọ́ kàn án mọ́. Èmi ni mo ki í. Tìrẹ, ti Marlys, gbogbo rẹ̀, ibì kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni." Ó bọ́ fìlà rẹ̀. "Mo ti ń gbàgbé nǹkan láti ìgbà òtútù. Mo mọ̀. Mo kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni."

Ìgbà yẹn ni Marlys tó bojú wo tábìlì Trina. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Yéè! Ọmọ ọlọ́mọ ni òun ì bá fi irọ́ pa yìí.

Trina da gbogbo ọta náà padà sínú páálí. Ó wá síwájú Verlyn, ó dì mọ́ ọn tipẹ́tipẹ́. "Ẹ ṣeun," ó wí. "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun." Verlyn dúró bí igi, kò mọ ibi tó yẹ kó gbé ọwọ́ sí. Ìgbà tó yá ló gbé e lé ọmọ náà léjìká.

"Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò lè sọ ohun tẹ́ ẹ sọ yìí, Verlyn," ni Garth wí. Ó yíjú sí Marlys, ó sì fọwọ́ nu imú. "Máàkì yìí ńkọ́... ẹ mọ òfin. Èyí tẹ́ ẹ yìn, ẹ ni ín. Èyí tó kù ní ibùdó yìí, òdo ni. Kò sí pé ẹ tún un yìn."

"Kọ òdo yẹn sílẹ̀, kó o kọ ọ́ gàdàgbà!" Marlys kígbe, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ṣì wà lójú mi. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí ọ nínú ọkàn mi, Garth, mo kó gbogbo rẹ̀ padà."

"Mo gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ létí," Garth dáhùn, ẹ̀rín sì pa gbogbo wọn.

Verlyn fúnra rẹ̀ ló fi òòlù àti ọ̀pá idẹ lé ọta náà jáde. Ó gbé ẹnu ìbọn sí oòrùn, ó wo inú rẹ̀ títí, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Nígbà tó fi máa gbé e padà, páálí ọta mẹ́fà ti wà lórí àga Marlys, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Kò sí ẹni tó bẹ̀ wọ́n. Àwọn ará ẹgbẹ́ kàn ń gbé e kalẹ̀, wọ́n ń kọjá lọ bí ẹni pé kì í ṣe àwọn. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Nítorí náà Marlys ń tọ̀ wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dì mọ́ wọn, títí Garth fi ní bí kò bá dákẹ́ ọpẹ́, ilẹ̀ á ṣú bá wọn ní pápá.

Ó yìnbọn ní àwọn ibùdó tó kù títí ó fi parí. Ipò kọkànlá ló ṣe nínú àwọn méjìlá tó fi irú ìbọn rẹ̀ díje. Trina ṣe ipò kẹrin, ó sì rí i dájú pé Marlys gbọ́.

Nígbà tí wọ́n wọnú mọ́tò, Verlyn ò tíì ṣíná. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí itan.

"Mo purọ́," ni Marlys wí.

"Mo mọ ìdí rẹ̀. O ṣeun. Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láé."

"Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Ó fà á lápá aṣọ. "Ìwọ náà gbọ́ tèmi. Mo ti rò pé ayé mi nínú nǹkan yìí ti parí. Ìwọ lo gé ìbọn yẹn mọ́ mi lára. Òní dùn mọ́ mi, Verlyn, pẹ̀lú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ."

Verlyn mi orí. Ó wo àwọn tó ń kó páálí sínú ọkọ̀.

"Pe Kirsten lọ́la," ló wí. "Kó bá mi gba ọjọ́ mìíràn lọ́dọ̀ dókítà yẹn. Màá lọ."

Marlys di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ṣùgbọ́n bá mi wọlé o," Verlyn wí. "Má dúró síta. Ohun tí wọ́n bá sọ fún mi níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí n má lè rántí rẹ̀. Ìwọ ni kó o bá mi rántí."