Ìwo Bàbá Lọ́rùn Delbert

Etí kan ṣoṣo ló kù fún Delbert ọkọ mi. Ìbọn ló jẹ èkejì. Láti kékeré ló ti ń dọdẹ àgbọ̀nrín lórí òkè wa ní West Virginia, dókítà sì ti sọ pé bó bá ń yìnbọn báyìí lọ, kò ní pẹ́ tí kò fi ní gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Bí mo bá ń bú ọkùnrin yìí, mo fẹ́ kó máa gbọ́.

Ìgbà tí àbádòfin dé iwájú àwọn aṣòfin ní Washington pé kí ìjọba dẹ òfin tó de ọ̀pá tí wọ́n ń so mọ́ ẹnu ìbọn kí ariwo rẹ̀ lè dínkù, inú Delbert dùn. Aṣojú wa níbẹ̀ ní ká wá sọ tẹnu wa lórí rẹ̀ nílé àwọn panápaná lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Ni Oleta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, bá fìbínú wọlé wa.

"Mo máa ta kò ó! Ṣé o ti gbàgbé Bàbá ni?"

Ta ló lè gbàgbé? Bàbá wọn já bọ́ lórí igi tó ti ń ṣọ́ ẹran, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ó yìnbọn lẹ́ẹ̀mẹta, bí a ti máa ń ṣe níbí tí ọ̀ràn bá dé. Oleta gbọ́ ọ láti ìloro ilé yìí, òun ló sáré lọ gbà á là.

"Ẹ̀gbọ́n mi, etí mi ń lọ," ni Delbert wí.

"Etí ń lọ, ẹ̀mí ńkọ́? Bí ọ̀pá yẹn bá pa ariwo ìbọn, ta ló máa gbọ́ ẹ? Òkú ń gbọ́ràn ni?"

"Ẹ dákun," ni mo bá dá sí i, "ẹ lọ dán ọ̀pá náà wò, kẹ́ ẹ jẹ́ kí n ráyè fọ abọ́ mi."

Wendell aládùúgbò wa ní ọ̀pá náà. Ó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ó sì ti tẹ̀ka. Òfin ò gbà kó fi yá ẹnikẹ́ni, torí náà òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé Delbert lọ sídìí igi Bàbá, lẹ́yìn òkè. Èmi àti Oleta jókòó sí ìloro. A retí títí. Omi odò nìkan là ń gbọ́.

Nígbà tí wọ́n dé, omijé ń dà lójú ọkọ mi. "Mo yìn ín tán, mo ṣì ń gbọ́ ẹyẹ! Etí mi ò hó rárá!"

"O ti yìn ín?" ni Oleta bi í.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta."

Èmi àti Oleta ò gbọ́ ìkankan. Inú bí mi, torí mo ti ń retí pé ọ̀kan nínú wọn á jẹ̀bi kí n lè rí ìsinmi. Ẹjọ́ táwọn méjèèjì jàre, ta ló fẹ́ dá a?

Oleta dìde, ó lọ sílé rẹ̀, ó sì mú ìwo màlúù tí Bàbá fi ń pe àwọn ajá ọdẹ rẹ̀ bọ̀. Ó fi kọ́ ọrùn àbúrò rẹ̀.

"Wọ́n dẹ òfin o, wọn ò dẹ ẹ́ o, o ò gun òkè yẹn láìsí èyí mọ́."

"Màá dà bíi màlúù."

"O ti jọ ọ́ tipẹ́. Màá bá ẹ lọ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Màá sọ ọ̀rọ̀ etí ẹ, màá sì sọ pé kí ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀pá yẹn wá nǹkan tó máa fi ké pè wá."

Delbert padà sídìí igi náà pẹ̀lú ìwo. Kò pẹ́ tá a fi gbọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀mẹta, ó dún ketekete kọjá odò. Oleta bú sẹ́kún, ó tún ń rẹ́rìn-ín.

Ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀ dé ìdí ọgbà, ìwo ń fì láyà rẹ̀. Mo rọra kùn pé, "Ẹ wo màlúù mi bó ṣe ń bọ̀."

"Mo gbọ́ o!" ló ké.