Ọlọ́run Wà Níbẹ̀, Ìwọ Ni Mi Ò Rí

Ìròyìn tó bá pẹ́ lọ́nà kì í jẹ́ ìròyìn mọ́, ẹjọ́ ló ń dà. Aránṣọ kò mọ èyí títí di àárọ̀ ọjọ́ tó sọ̀ kalẹ̀ láti yàrá òkè ní ilé àdúrà, tí ara rẹ̀ fúyẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ nítorí ààwẹ̀, tó wá na ọwọ́ sí apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń kó fóònù sí.

Òfin ilé náà ni pé ẹni tó bá fẹ́ gòkè gbọ́dọ̀ fi fóònù rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́nu àtẹ̀gùn, wọn yóò sì fi aṣọ funfun bò ó. Màmá Àdúrà, tó ni ilé náà, tó sì ń darí àwọn obìnrin tó ń gbàdúrà níbẹ̀, ló máa ń jókòó ti apẹ̀rẹ̀ ọ̀hún. Bí fóònù kan bá dún lábẹ́ aṣọ, òun ló ń gbé e, òun ló sì ń pinnu bóyá ayé ló ń pè tàbí Ọlọ́run. Títí di ọjọ́ yẹn, Ọlọ́run ò tíì pe fóònù ẹnikẹ́ni.

"Kú àbọ̀, ọmọ mi," ni Màmá Àdúrà wí. Ó ń ṣẹ́ aṣọ funfun náà po. "Wo bí ojú rẹ ṣe ń dán!"

"Ẹ ṣé, Màmá."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ pè lánàá."

"Lánàá?"

"Ó pè títí. Ó ní dókítà fẹ́ gé ẹsẹ̀ òun, pé òun fẹ́ kí o wà lọ́dọ̀ òun kí òun tó fọwọ́ sí i." Ó fi etí aṣọ kan etí aṣọ, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. "Mo sọ fún un pé o wà níwájú Olúwa."

Aránṣọ di ọwọ́ àtẹ̀gùn mú. "Ṣé wọ́n wá gé e?"

"Èmi ò mọ̀. Ọ̀sán àná ni wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe é."

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò pè mí? Òkè ibí náà ni mo wà!"

"Ọmọ mi, ìgbà téèyàn bá kù díẹ̀ kó dé orí òkè ni ọ̀tá máa ń fa aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn. Mo ti mọ̀ pé ìdánwò ni. O sì yege." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, bí olùkọ́ tó fún ọmọ ní gbogbo máàkì. "Lọ́jọ́ Àìkú la ó yà ọ́ sọ́tọ̀, wàá sì kó wá síbí pátápátá. Ṣé o ti rán aṣọ rẹ tán?"

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sídìí apẹ̀rẹ̀. Ó gba fóònù rẹ̀, ó jáde. Ó ti rìn dé títì kó tó mọ̀ pé bàtà ẹlòmíì ló wà ní ẹsẹ̀ òun kan, ó gùn ju èkejì lọ. Kò padà.

Nínú ọkọ̀, inú rẹ̀ ń hó bí omi tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Ìdánwò! Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ìdánwò! Obìnrin tó jẹ́ pé bí àwọn òbí wọn ṣe kú, òun ló di ìyá, òun ló di bàbá, tó fi iṣẹ́ búrẹ́dì tọ́ ọ títí tó fi mọ iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ooru ààrò ti jó irun ọwọ́ ẹ̀gbọ́n tán pátápátá. Àwo gbígbóná kan ló já bọ́ sí i lẹ́sẹ̀ níbi iṣẹ́ náà, ó bu omi tútù sí i, ó padà sídìí ìyẹ̀fun rẹ̀. Kò mọ̀ pé àtọ̀gbẹ, àìsàn ìtọ̀ ṣúgà, ti wà lára òun. Ọgbẹ́ kékeré di ńlá, ńlá di dúdú. Nígbà tó sì fi han àbúrò rẹ̀, kí ni àbúrò wí? Ó ní, "Màá gbé e lọ sínú àdúrà." Ó sì gbé e lọ lóòótọ́, ó gbé e gòkè, ó fi ẹni tó ni ẹsẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀.

Nígbà tó rántí ìyẹn, ìbínú rẹ̀ kò mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ dojú kọ mọ́.

Yàrá ilé ìwòsàn náà gùn, ibùsùn tò sí ọ̀tún àti òsì. Kó tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ohùn tó ti ha.

"Ẹ yàgò fún Ìyá Ìjọ o! Wọ́n ti ọ̀run dé!"

Aránṣọ sáré lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Aṣọ ìbora náà ga níbi ẹsẹ̀ òsì. Níbi tó yẹ kí ẹsẹ̀ ọ̀tún wà, láti ìsàlẹ̀ orúnkún, ṣe ni ó tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́."

"Dìde nílẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì lo ní, fi dúró."

Ó dìde. Àwọn tó wà lórí ibùsùn ìtòsí yí ojú sí ògiri, àmọ́ etí wọn kò yí síbì kankan.

"Ibo lo wà?"

"Mo wà... mo wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run."

Ẹ̀gbọ́n wò ó títí. "Ibí ni Ọlọ́run wà," ló wí. "Ọlọ́run wà níbí lánàá. Ìwọ ni mi ò rí."

Ó yí orí lórí ìrọ̀rí, ọ̀rọ̀ sì ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí àgbàdo láti inú àpò tó ya. "Ṣé o mọ ohun tó ń bí mi nínú? Kì í ṣe pé o ò wá. Èèyàn lè jìnnà, èèyàn lè má gbọ́. Obìnrin yẹn gbọ́! Ó ní kí n má dí ọ lọ́wọ́, pé o ń dàgbà nínú ẹ̀mí. Mo ní, Màmá, èmi tí mo tọ́ ọ dàgbà nínú ara ni mò ń pè é o. Ló bá pa fóònù mọ́ mi lẹ́nu. Dókítà dúró níbẹ̀, ó na bírò sí mi, mo ní kó fún mi ní àkókò díẹ̀ sí i. Mo tún pè. Ó tún ní ò ń gbàdúrà. Mo ní ṣé àdúrà ọ̀hún ò ní àbọ̀ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi..."

"Dákẹ́, mi ò tíì bínú tán." Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. "Ẹ̀rù bà mí, àbúrò mi. Nígbà tí wọ́n ń tì mí lọ, mò ń wo iná òrùlé, ọ̀kan ń kọjá, òmíràn ń bọ̀. Èmi ò mọ àdúrà gígùn bíi tìẹ. Mo kàn ní, Bàbá, ọwọ́ tí mo fẹ́ dì mú kò sí níbí, ẹ bá mi di tèmi mú. Nọ́ọ̀sì kan tí mi ò rí rí sì di ọwọ́ mi mú. Mi ò bẹ̀ ẹ́ o. Kò fi í sílẹ̀ títí mo fi sùn. Ọkàn mi wá balẹ̀, àfi bíi pé mo wà lẹ́yìn ìyá wa."

Aránṣọ bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹkún ilé àdúrà, èyí tí orin máa ń mú wá, tí orin sì máa ń mú lọ. Ẹkún yìí burú, ó ní ikun, kò sì sí ẹni tó ṣe àmín sí i.

"Ó tó," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi ń yún mi. Wá bá mi họ ọ́."

Aránṣọ na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ òsì.

"Kì í ṣe ìyẹn. Èyí tí wọ́n gé."

Wọ́n wo ara wọn. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Àṣé ẹsẹ̀ le ju èèyàn lọ! Wọ́n ti jù ú nù, ó ṣì ń béèrè èékánná. Ó dáa náà, bàtà kan ṣoṣo ni màá máa kùn báyìí." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì kan fi wọlé wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì náà ṣí ibi tí wọ́n ti gé e, ó sì fi han Aránṣọ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ ẹ́, bí wọ́n ṣe ń dì í. Ó ní nígbà tó bá jinná, yóò nílò ìbọ̀ aṣọ òwú tó rọ̀ fún ìdí ẹsẹ̀ náà, tí kò fún un jù, tí wọ́n á máa fọ̀ lójoojúmọ́. Ó ní ìṣubú kan péré lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ dá gbé nílé.

"Ta ló wà pẹ̀lú yín nílé, Màmá?"

"Mo ní àbúrò kan," ni ẹ̀gbọ́n dáhùn, "ṣùgbọ́n òkè ló fẹ́ kó lọ." Kò wo ojú Aránṣọ.

Aránṣọ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó lọ dúró lójú fèrèsé tó kọjú sí ibi tí wọ́n ń sá aṣọ ibùsùn. Ó fẹ́ gbàdúrà, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tó mọ̀ ti sá lọ.

"Olúwa," ló wí, "inú ń bí mi. Inú ń bí mi sí Màmá. Inú ń bí mi sí ara mi. Bó bá sì jẹ́ pé Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n da aṣọ bo apẹ̀rẹ̀ yẹn, inú ń bí mi sí Yín náà."

Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ààrá kò sán. Aṣọ ibùsùn ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí okùn. Ó sì yà á lẹ́nu pé láti ìgbà tó ti ń gòkè yẹn, èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tó máa bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bí ọmọ ṣe ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ó ronú sí ilé àdúrà. Wọ́n ní oyè oríṣiríṣi níbẹ̀: o jẹ́ ìkókó, o di ọ̀dọ́, o di àgbà nínú ẹ̀mí. Wọ́n máa ń béèrè iye ààwẹ̀ tí o ti gbà, irú ìran tí o rí. Kò sẹ́ni tó bi í rí pé, ta lo wẹ̀? Ta lo bọ́? Ta ni ẹ̀rù ń bà tí o jókòó tì? Bẹ́ẹ̀ ni Jésù tí wọ́n ń pe orúkọ Rẹ̀ títí ohùn wọn fi ń ha, nígbà tó ku díẹ̀ kí Ó kú, omi ló bù sínú abọ́, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ ló sì fọ̀. Kò fọ ìyẹ́ apá ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rù ṣì ń bà á. Kò mọ bí yóò ṣe máa gbé àgbà obìnrin láti ibùsùn dé ilé ìwẹ̀, bí yóò ṣe máa rán aṣọ oníbàárà, kó tún máa di ọgbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà kò mọ̀ bí yóò ṣe rí nígbà tí wọ́n ń tì í lọ lábẹ́ àwọn iná yẹn. Ó kàn na ọwọ́ ni.

Ó padà wọlé, ó bu omi sínú abọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹsẹ̀ òsì.

Ní ọjọ́ Sátidé, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Aṣọ funfun tó ń rán fún ìyàsọ́tọ̀ rẹ̀ wà lára igi ìkáṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì, òwú rírọ̀ gígùn, tí apá rẹ̀ fẹ̀ bíi ti áńgẹ́lì inú àwòrán. Etí ìsàlẹ̀ nìkan ló kù láti rán. Ó fi ọwọ́ wọn apá kan, ó rántí bí orúnkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ó tú ojú ìránṣọ apá méjèèjì, ó gé wọn kúrú, ó rán ìdí wọn pa láìjẹ́ kí ojú ìránṣọ kankan le lára. Lẹ́yìn náà ó mú wọn dání lọ sí ilé àdúrà.

Màmá Àdúrà wà lórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀.

"Mo ti ń retí rẹ. Aṣọ rẹ dà?"

Aránṣọ jókòó, ó tẹ́ ìbọ̀ méjèèjì sórí itan ara rẹ̀. "Òun rèé, Màmá. Mo ti sọ ọ́ di ìbọ̀ ẹsẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi."

Màmá Àdúrà wò wọ́n, ojú rẹ̀ le. "Aṣọ ìyàsọ́tọ̀! Háà! Wàrà lo ṣì ń mu. Mo rò pé o ti dàgbà."

"Màmá, ọgbẹ́ wà lára ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù ń bà á, ó ń ké pè mí, ẹ sì sọ pé ọ̀tá ni. Bí ìdàgbà bá ń mú etí èèyàn dí sí ẹkún ọmọ ìyá rẹ̀, ta ni ó ń dàgbà jọ? Ẹ sọ fún mi. Nítorí kò jọ Jésù!"

"O ń pariwo mọ́ mi?"

"Mò ń pariwo, Màmá. Ẹ dárí jì mí fún ariwo náà. Mi ò bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀."

Obìnrin àgbà náà yí ojú sí apẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ́ aṣọ orí apẹ̀rẹ̀, ó ń tẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ kò sí ibi tó ká kò níbẹ̀. "Nígbà tí ọkọ mi ń kú lọ," ló wí nígbẹ̀yìn, "òkè ibí ni mo wà. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mi ò sọ̀ kalẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Màmá Àdúrà." Ó gbé ojú sókè. "Ṣé o fẹ́ sọ fún mi pé mo ṣàṣìṣe?"

Ọ̀rọ̀ tó mú bí abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu Aránṣọ. Ó wo ọwọ́ tó ń tẹ́ aṣọ yẹn, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Ó dá mi lójú pé Ọlọ́run wà lọ́dọ̀ ọkọ yín, Màmá," ló wí.

Fóònù kan dún lábẹ́ aṣọ. Màmá Àdúrà kò gbé e.

Aránṣọ ṣẹ́ ìbọ̀ méjèèjì po, ó dìde.

"Ẹ má yà mí sọ́tọ̀ lọ́la, Màmá. Mi ò ní í kó wá síbí. Ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń kó lọ, èmi ni màá máa tọ́jú wọn, ibẹ̀ ni màá sì ti máa gbàdúrà. Inú ṣì ń bí mi sí yín. Mo ti bẹ Ọlọ́run pé kó bá mi mú un kúrò, kò tíì tán. Ṣùgbọ́n ẹ ní nọ́ńbà mi. Bí ara yín ò bá yá, bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ìgbàkígbà tó wù kó jẹ́, ẹ pè mí. Màá gbé e."