Jìbírílù Ìlà Kejì

Ọjọ́ tí ìròyìn ikú Jìbírílù dé Ọ̀tà, Jìbírílù fúnra rẹ̀ wà lójú ogun ní ilẹ̀ Bọ́mà, ó ń fọ ṣòkòtò rẹ̀ létí odò. Kò mọ̀ pé ọkùnrin kan tó gun kẹ̀kẹ́ ti mú lẹ́tà wá sí agboolé Ògúndèyí, pé Tíṣà Fádáhùnsí ti ilé ìwé ìjọ ti kà á fún Kùdírátù ìyá òun, àti pé ìyá náà ní kí wọ́n tún un kà. Wọ́n tún un kà. Ó gba ìwé náà, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi í sábẹ́ ẹní. Wọ́n ṣe fídáù Jìbírílù. Kí ọdún tó yípo, wọ́n ṣe ti ìyá rẹ̀.

Mùíbátù aládùúgbò wọn ló sọ gbogbo èyí fún un nígbà tó dé lọ́dún 1946, tòun ti àpótí onígi kan àti bàtà sójà. Mùíbátù kò tiẹ̀ kọ́kọ́ jẹ́ kí ó wọlé. Ó dúró gbagidi sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí ó pe orúkọ ewúrẹ́ tí wọ́n ń sìn nígbà tó wà ní kékeré. Ìgbà tó pè é tán ni obìnrin náà tó bú sẹ́kún.

Láti ọjọ́ náà ni àdúgbò ti ń pè é ní Àkúdàáyà. Bàdírù onígbàjámọ̀ a máa sọ fún àwọn tó ń dúró gẹrun pé òun kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé irun òkú ṣì máa ń hù báyìí, Jìbírílù a sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bó bá délé, tó ṣí yàrá ìyá rẹ̀, tó rí àmù omi rẹ̀ tó gbẹ táútáú, tí aláǹtakùn ti ta sí i lẹ́nu, ẹ̀rín náà kì í bá a wọlé. Ó gbà pé ìwé irọ́ ló pa ìyá òun. Ohun kan ṣoṣo tó ń wá ni kí àwọn tó kọ ọ́ pa á rẹ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé Jìbírílù ọmọ Ògúndèyí kò kú.

Ó gbé ìwé tí wọ́n fún un nígbà tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun lọ bá Tíṣà. Ojú ti ń ti Tíṣà látìgbà tí Jìbírílù ti dé, nítorí ẹnu rẹ̀ ni ìròyìn náà ti jáde. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà, ó wá gbójú sókè.

"Jìbírílù, ta ni Fọláwẹwọ́ tí wọ́n kọ síbí bíi bàbá rẹ?"

Jìbírílù mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n ń gbà wọ́n sí iṣẹ́ ológun, orúkọ ìlú ẹni ni wọ́n fi ń kún orúkọ ẹni. Ẹni tó bá ti Ìlọrin wá, Ìlọrin ló ń jẹ́. Ẹni tó bá ti Ọ̀tà wá, Ọ̀tà ni. Ọmọ Ìgbẹsà kan wà níbẹ̀ tí òun náà ń jẹ́ Jìbírílù. Akọ̀wé béèrè ibi tí Ìgbẹsà wà, wọ́n ní kò jìnnà sí Ọ̀tà, ló bá kọ Ọ̀tà fún un. Bí sájẹ́ǹtì bá ti pe Jìbírílù Ọ̀tà, ẹni méjì ló ń dáhùn. "Olórúkọ mi" ni wọ́n ń pe ara wọn. Orúkọ bàbá wọn wà nínú ìwé ńlá, lórí ìlà méjì tó tẹ̀ léra. Nígbà tí ibà pa ọmọ Ìgbẹsà nílé ìwòsàn àwọn sójà, akọ̀wé kan ṣí ìwé, ó rí Jìbírílù Ọ̀tà lórí ìlà kìíní, ó fa ìlà pupa sí i. Kò wo ìlà kejì, níbi tí orúkọ Fọláwẹwọ́, bàbá ọmọ Ìgbẹsà, wà; ìlà yẹn ló wá ṣẹ́ kù fún alààyè.

Jìbírílù jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ iléèwé. Látìgbà tó ti dé ló ti rò pé lẹ́tà ti dé Ìgbẹsà, tó sì ń fi ìbẹ̀wò falẹ̀ nítorí kò mọ bí òun yóò ṣe kí wọn kú àṣẹ̀yìndè.

Ó ní, "Tíṣà, bí wọ́n bá kọ ọ́ pé olórúkọ mi wà láàyè, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó tíì sọ fún ìyá rẹ̀."

Tíṣà kọ̀wé sí Èkó. Èsì dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta: wọn yóò tún un ṣe bí ẹbí Jìbírílù kejì bá tẹ̀ka sí ìwé pé ọmọ tiwọn ni kò padà wálé. Tíṣà ní òun lè bá a rán ẹnìkan. Jìbírílù kọ̀. Ó ní ẹni tó sin òkú ni kí ó túfọ̀.

Síbẹ̀ kò lọ lọ́sẹ̀ náà, kò lọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nígbà mìíràn ó máa ń rò ó pé kí òun jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wà bẹ́ẹ̀, kí òun máa jẹ́ òkú lọ lórí ìwé, kí obìnrin náà lè máa lọ́mọ. Ṣùgbọ́n ìwé irọ́ kan ti pa ìyá kan, èkejì ń tan ìyá kan jẹ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó fi ìwé Èkó àti ìgò yíńkì kékeré sápò, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìgbẹsà.

Oòrùn ti mú kí ó tó débẹ̀. Lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ kan létí ọ̀nà, níwájú agboolé Fọláwẹwọ́, ó rí àmù kan tí wọ́n dé, pẹ̀lú igbá lórí ìdérí rẹ̀. Ó bu omi mu. Ó wá wọ agboolé. Obìnrin arúgbó kan jókòó, ó ń pa èkùrọ́, ìka ló fi ń wá a, nítorí ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Àdìzát nìyẹn, ìyá olórúkọ rẹ̀. Jìbírílù kí i.

"Ta nìyẹn?"

Gbogbo ọ̀nà ló ti ń to ohun tí yóò sọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó ti ń dáhùn láti kékeré nìyí, ẹnu rẹ̀ sì dá a lóhùn kí ọkàn rẹ̀ tó dé ibẹ̀.

"Jìbírílù ni."

Òkúta bọ́ lọ́wọ́ ìyá náà. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú.

"Jìbírílù mi?"

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Rárá, Ìyá. Jìbírílù ti Ọ̀tà ni. Olórúkọ rẹ̀ ni mí."

Ọwọ́ náà wà ní nínà fún ìgbà díẹ̀, ó wá ń rọra padà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Jìbírílù ṣàlàyé ibà náà, òjò ọjọ́ náà, ibi tí wọ́n sin ín sí, àti ìwé tó ń fẹ́ ìtẹ̀ka ìyá náà. Àdìzát kò ké. Ó béèrè ẹni tó wẹ̀ ẹ́. Jìbírílù ní òun ni, òun àti àwọn ọmọ Kánò méjì, àti pé wọ́n kírun sí i lára.

Ìyá náà fi ìka wá òkúta rẹ̀ nílẹ̀, ó mú un.

"Ṣé o rí omi mu níta?"

"Mo rí i, Ìyá. Mo mu ún."

"Ọjọ́ tí ọmọ mi lọ sógun ni mo gbé e síbẹ̀. Mo ní bí mo bá ń fún ọmọ ọlọ́mọ lómi, ẹnìkan á fún tèmi lọ́hùn-ún. Ṣé ó rí omi mu?"

"Ó rí i, Ìyá. Èmi ni mo gbé e sí i lẹ́nu."

Ó mi orí. Ó ní kí ó mú ìwé rẹ̀ wá. Jìbírílù di àtàǹpàkò rẹ̀ mú, ó le bí èèpo igi, ó tẹ̀ ẹ́ sínú yíńkì, ó tẹ̀ ẹ́ sí ìwé. Ìyá náà béèrè bóyá èyí ni yóò sọ ọmọ Ọ̀tà náà di alààyè lórí ìwé. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó dáa. Kí ẹnìkan wà nínú yín. Inú ìyá rẹ á dùn."

Jìbírílù ká ìwé náà, ó dọ̀bálẹ̀, ó dágbére.

Ìgbà ọyẹ́ ni ìwé tuntun dé. Tíṣà kà á: Jìbírílù ọmọ Ògúndèyí, ó wà láàyè. Jìbírílù ọmọ Fọláwẹwọ́, ó kú. Tíṣà kí i kú oríire, ó dúpẹ́, ó sì gba ilé lọ. Kò sí ẹni tí yóò fi ìwé hàn. Ó ká a sí mẹ́rin, ó fi í sábẹ́ ẹní ìyá rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó gbé àmù ìyá rẹ̀ jáde. Ó fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́ nínú àti lóde, ó gbé e sí ẹ̀bá ọ̀nà tí àwọn ará oko ń gbà wọ ọjà, ó sì pọn omi lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó kún. Bàdírù onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ kọjá.

"Àkúdàáyà, ta ló ni omi?"

"Jìbírílù."

"Ṣé kì í ṣe ìwọ náà nìyẹn ni?"

"Rárá. Èkejì ni."

Bàdírù wo ojú rẹ̀, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó bu omi, ó mu ún tán. Jìbírílù gba igbá náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣàn án, ó sì dojú rẹ̀ dé orí ìdérí.