Ẹsẹ̀ Tó Wọ́n Ju Awò Lọ

Bọ́láṣadé fi oríkèé ìka kan awò ìwòràwọ̀ ńlá náà lẹ́ẹ̀mejì, ó dẹtí sí i. Bó ṣe ń dán abọ́ irin wò ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Adjamé, ní Abidjan, nìyẹn láti ọgbọ̀n ọdún, kó lè mọ èyí tó ti sán.

"Èyí dára. Ẹ bá wa dì í."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná," Ẹ̀rínọlá ọmọ rẹ̀ bẹ̀bẹ̀.

Orí ọmọ náà ti dàrú. Oṣù mẹ́ta ló fi ka ohun tí àwọn tó ń ya ìràwọ̀ ní fọ́tò kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan ní kó ra awò ńlá, òmíràn ní kékeré ló dáa. Kámẹ́rà kò ṣòro, tirẹ̀ wà nílẹ̀, èyí tó fi ń ya ìyàwó níbi ìgbéyàwó kiri Treichville títí ìyàwó fi sú u. Ojú ọ̀run ló fẹ́ máa yà báyìí. Ìyá rẹ̀ sì ti là á mọ́lẹ̀: ojú lọ̀rọ̀ wà, òun á bá a dé Bingerville, níbi tí ẹni tó ń ta awò wà. Bí ọjà náà bá jẹ́ ìranù, kí Ẹ̀rínọlá gbàgbé ìràwọ̀, kó wá jókòó ti òun ní ìsọ̀ abọ́.

Moïse ló ni ẹrù, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Kétu tí wọ́n bí sí Abidjan. Ọ̀la ló ń kó lọ sí Bouaké. Awò méjì ló ń tà, pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjì tí wọ́n ń gbé awò lé. Ẹsẹ̀ kan fúyẹ́, ìkejì wúwo bí ọlọ, mọ́tò ló ń yí i. Agbára Ẹ̀rínọlá kò ká ju awò ńlá pẹ̀lú ẹsẹ̀ fífúyẹ́, tàbí awò kékeré pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwúwo.

"Ọ̀gá, a mú awò ńlá," Bọ́láṣadé ní. "Ẹ fi ẹsẹ̀ wíwúwo yẹn ṣe ènì."

Moïse mi orí. "Màmá, la monture, ẹsẹ̀ wíwúwo yẹn, ló wọ́n jù nínú gbogbo ẹrù yìí. Òun lẹ fẹ́ kí n fi ṣe ènì?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di àpótí rẹ̀ padà.

Ẹ̀rínọlá sáré di àpótí náà mú. Ta ló gbọ́ ọ rí pé àga wọ́n ju ẹni tó jókòó lé e? Ó ti kà á, àmọ́ kò yé òun náà.

"Tonton, pardon, ẹ má bínú. Kí ló dé tí ẹsẹ̀ fi wọ́n ju awò lọ?"

Moïse ṣí àpótí náà padà. Ó gbé awò ńlá lé ẹsẹ̀ fífúyẹ́, ó dojú rẹ̀ kọ ọ̀sà tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, ó ní kí Bọ́láṣadé wá wò ó.

"Apẹja kan nìyẹn. Ó ń gbọ̀n." Ó fọwọ́ di awò náà mú, ó tún wá burú sí i. "Gbogbo rẹ̀ ló ń gbọ̀n."

Moïse gbé awò kékeré lé ẹsẹ̀ wíwúwo. "Ojú ọ̀run kì í dúró, Màmá. Ẹsẹ̀ yìí ló ń bá ìràwọ̀ rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí kámẹ́rà lè rójú yà á."

Lọ́tẹ̀ yìí, Bọ́láṣadé pẹ́ nídìí awò. Ẹ̀rínọlá kò mọ ohun tó ń rí, kò sì mọ̀ bóyá inú ń bí i.

"Okùn búlúù ni apẹja yẹn fi ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe," ìyá náà sọ níkẹyìn. "Ìwọ, èwo lo fẹ́?"

Láti àárọ̀, ìyá rẹ̀ kò tíì bi í léèrè. "Kékeré, Màámi. Pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwúwo." Kò dá a lójú tán.

"Ó dáa. Ọ̀gá, ẹ wá fi báàgì yẹn ṣe ènì."

Moïse rẹ́rìn-ín, ó fi báàgì sí i.

Nínú takisí, Bọ́láṣadé kọ̀ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ náà sí búùtù, ó gbé e lé itan. Ó wá fi fóònù pe Mọ́síùrá, tí wọ́n jọ ń tajà.

"Ọmọbìnrin tó ń wáṣẹ́ níjọ́sí, ní kó wá lọ́la. Rárá, Ẹ̀rínọlá ò ní wá. Ó níṣẹ́ tirẹ̀."

Ọ̀rọ̀ tí Ẹ̀rínọlá ti ń retí láti ọdún méjì nìyẹn. Inú rẹ̀ dùn, àánú ìyá rẹ̀ sì ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ronú rí pé bóyá àárẹ̀ ló ń jẹ́ kí obìnrin náà máa pe òun sí ìsọ̀. Ó na ọwọ́, ó bá ìyá rẹ̀ di ẹrù náà mú ní apá kan.