Ẹsẹ̀ Lára Ògiri

Nígbà tí oyún Mùkàrámà pé oṣù méje, iṣan kan yọ lẹ́yìn orúnkún ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Ó wú, ó lọ́ bí okùn tí ewúrẹ́ ti fi wé èèkàn, ó sì sọ̀ kalẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Bí Mùkàrámà bá dúró pẹ́ nídìí àtẹ aṣọ rẹ̀ ní ọjà Adjamé ní Abidjan, ẹsẹ̀ náà á wúwo bí ẹni pé wọ́n so òkúta mọ́ ọn.

Dèbórà, agbẹ̀bí tó ń tọ́jú rẹ̀ ní ilé ìgbẹ̀bí kan ní Koumassi, kò tilẹ̀ mikàn.

"Tàńtí, oyún ló fà á. Ẹ máa wọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn tó fún, ẹ wọ̀ ọ́ láàárọ̀ kí ẹsẹ̀ yín tó kanlẹ̀. Ẹ má dúró pẹ́. Lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ẹ fi ìrọ̀rí há ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ gbé ẹsẹ̀ lé ògiri. Bí ẹsẹ̀ kan bá ṣàdédé wú, tó gbóná, tó ń ro yín, ẹ máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ ti ìbímọ, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa bí i."

Ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀, bí kì í bá ṣe Lábọ̀dé. Lábọ̀dé ń lẹ táyà nítòsí ilé wọn ní Koumassi Remblais, ọ̀rẹ́ Àrìmíyàù, ọkọ Mùkàrámà, sì ni. Nígbà tí Àrìmíyàù ròyìn ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ fún un, ó mi orí bí ọ̀jọ̀gbọ́n.

"Ọ̀rẹ́, túúbù tó bá ti yọ gọngọ, tí o bá tún fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó máa bẹ́ ni. Obìnrin tó ń rọbí, kí ló ń ṣe? Ṣebí atẹ́gùn náà ló ń fẹ́ sínú ara rẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, oorun kò kun Àrìmíyàù mọ́. Bí oyún ṣe wọ oṣù kẹsàn-án, ó lọ bá kilíníkì kan ní Biétry pé kí wọ́n bá òun la ìyàwó òun, kí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ, wọ́n sì ní kó mú un wá lọ́jọ́ Sátidé. Mùkàrámà kọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló bí Siddiqah, àkọ́bí rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ó ti ń rìn káàkiri ilé. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ abẹ ń gba ẹ̀mí là níbi tó bá ti yẹ, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ọ̀bẹ kan òun nítorí ọ̀rọ̀ táyà.

Ọkọ rẹ̀ ní, "Ìyá mi ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá wẹ ọmọ. Ohun tí wọ́n bá sọ, abẹ gé e."

Ìyá Wàsílátù, ìyá ọkọ rẹ̀, dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ túúbù lórí fóònù, kò tíì jókòó tó fi dájọ́.

"Kí wọ́n là á. Ọmọ ni mo wá wẹ̀, n kò wá sin ẹnikẹ́ni."

Bẹ́ẹ̀, ògiri kan ṣoṣo tó ṣófo nínú yàrá ni èyí tí wọ́n gbé fọ́tò bàbá Àrìmíyàù tó ti kú kọ́ sókè rẹ̀. Ìyàwó ilé tí wọ́n kọ́ dáadáa kì í na àtẹ́lẹsẹ̀ sí àgbà, ká má tíì sọ òkú àgbà. Lọ́jọ́ kejì, Mùkàrámà dùbúlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ sókè. Ìyá wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

"Mùkàrámà."

"Ìyá."

"Ṣé Bàbá Àrìmíyàù lo fẹ́ tẹ̀ lójú ni?"

"Rárá, Ìyá. Agbẹ̀bí ló ní kí n gbé ẹsẹ̀ lé ògiri."

"Ó dárúkọ ọkọ mi níbẹ̀?"

Ìyá pa ilẹ̀kùn dé, ó ń kùn lọ. Kò pẹ́, ó tún yọjú.

"Ṣé ó máa ń tu èèyàn lára?"

"Ó ń tù mí, Ìyá. Bí ìgbà tí èèyàn sọ ẹrù kalẹ̀."

"Hùn."

Hùn yẹn ló ta Mùkàrámà lólobó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ìyá ọkọ rẹ̀. Ooru Abidjan ń yan èèyàn bí àgbàdo, ṣùgbọ́n Ìyá kò bọ́ ìbọ̀sẹ̀ dúdú rẹ̀. Gbogbo ilé ló ń ṣe àlùwàlá nídìí ẹ̀rọ omi nínú àgbàlá. Ìyá nìkan ló ń gbé búútà wọ balùwẹ̀, tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ìró rẹ̀ gùn débi pé ó ń gbálẹ̀.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Mùkàrámà pariwo pé òun ń lọ kí ọ̀rẹ́ òun kan ní Bingerville. Ó tẹ́ ẹní fífẹ̀ sídìí ògiri, ó gbé ìrọ̀rí sí i, ó jáde. Ó yí ẹ̀yìn ilé ìdáná ká, ó padà wọlé, òun náà kò kan ilẹ̀kùn.

Ìyá Wàsílátù nà gbalaja lórí ẹní, ẹsẹ̀ méjèèjì wà lára ògiri. Iṣan tó wà níbẹ̀ tó ti Mùkàrámà lọ́nà mẹ́ta. Ní ti fọ́tò, Ìyá ti kọ́kọ́ yí ojú ọkọ rẹ̀ sí ògiri.

Ẹ̀rín ń mi ikùn Mùkàrámà tìtì, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó jáde. Ó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ọkọ rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà lé ògiri.

"Ọmọ mélòó lẹ bí, Ìyá?"

"Méje. Ṣé o kò mọ̀ wọ́n ni?"

"Pẹ̀lú ẹsẹ̀ yìí?"

"Oyún ẹlẹ́ẹ̀kejì ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Bàbá Àrìmíyàù kò rí i títí tó fi kú."

"Ta wá ló là yín?"

"O fẹ́ kí n ṣí ẹsẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ tí mo bí."

"N kò sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá. Mo kàn fẹ́ sọ pé ọ̀túnla ni Sátidé."

"Ọmọ burúkú ni ẹ́."

"Ẹ̀yin náà lẹ fẹ́ mi fún ọmọ yín."

Ẹnu èyí ni wọ́n wà tí Àrìmíyàù fi wọlé, ìwé kilíníkì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí ẹsẹ̀ mẹ́rin lára ògiri, ó yíjú padà kíá. Ìyá di etí ìró rẹ̀ mú láti fi bo ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Dúró. Kọjú síbí, kí o wò ó dáadáa."

"Ìyá, kò yẹ kí n..."

"Ẹsẹ̀ tó gbé ọ wá sáyé nìyí. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo rọbí lórí ẹ̀, èwo ló bẹ́? Ìwọ gan-an, orí tìẹ ló tóbi jù nínú wọn."

"Lábọ̀dé ló ní..."

"Ṣé Lábọ̀dé ti rọbí rí?"

Mùkàrámà fọhùn jẹ́jẹ́. "Bàbá Siddiqah, ẹ má fi ti Ìyá nìkan ṣe é, ara kò rí bákan náà. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ jẹ́ ká jọ lọ bá Dèbórà, kó tún yẹ̀ mí wò lójú yín. Bó bá rí ohun tó fi yẹ kí wọ́n là mí, n kò ní jiyàn."

"Kó wo tèmi náà," ni Ìyá fi kún un. "Kó sì júwe ibi tí wọ́n ti ń ta ìbọ̀sẹ̀ tó fún yẹn. Dúdú ni kí o rà fún mi."

Àrìmíyàù wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ mẹ́rin. Ó fa fóònù yọ, ó pe kilíníkì, ó ń fi Faransé kólòlò ṣàlàyé pé àwọn kò ní lè wá ní samedi, ìyẹn Sátidé. Wọ́n bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ìyá kò sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ìyàwó kò sọ tirẹ̀ kalẹ̀, títí tó fi dágbére fún wọn tó sì pa fóònù.