Ewu Tí Wọ́n Kà sí Ẹ̀wù

Orin ni mo fi ń ṣiṣẹ́ nílé ìfọṣọ wa, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè mí ní Ìyá Olórin. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá ní kí akọ̀wé kọ gbogbo ohun tó lè ṣe wá léṣe sílẹ̀, ijó ni mo jó tọ akọ̀wé náà lọ. Irin tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ wọnú ẹ̀rọ ìlọṣọ ti já, bẹ́ẹ̀ àbúrò mi ló ń lò ó.

"Ọmọ mi, kọ ọ́ pé ewu wà lẹ́nu ẹ̀rọ."

Ó sáré kọ ọ́, kò fi àmì sókè, kò fi sábẹ́. Ọ̀gá kà á, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀wù wà lẹ́nu ẹ̀rọ! Ìyá Olórin, ṣé ẹja lẹ fẹ́ bá níbẹ̀ ni?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n ṣàlàyé, àmọ́ ẹ̀rín náà dùn mọ́ mi, mo bá sọ ọ́ dorin: "Ẹ̀wù wà lẹ́nu ẹ̀rọ o!" Àbúrò mi ló gbè é.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀rọ náà jó ìka rẹ̀ mẹ́rin kọjá àtúnṣe. Ọ̀gá ní kí akọ̀wé fi àmì sí ìwé náà. Ó fi í sí i, àmì wá pé.

Láràárọ̀ báyìí, èmi ni mò ń bá àbúrò mi de bọ́tìnnì. Bí orin bá ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákẹ́. Ẹ wọ ẹ̀wù fún mi."